Nígbà tí Ilé-Iṣẹ́ Kan Bá Ra Òmíràn: Bí A Ṣe Ń Ka Ìṣirò Rẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, àṣẹ ìdarí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná mànàmáná fún Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí IBEDC, kúrò ní ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ń jẹ́ Integrated Energy Distribution and Marketing. Mílíọ̀nù 169 dọ́là Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ náà san fún ìdá 60 nínú 100 ìpín ìdókòwò IBEDC. Ìjọba Àpapọ̀ di ìdá 40 tí ó kù mú. Ní ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará Ọ̀rányàn, Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà ń san owó iná fún di ọmọ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ iye owó náà nínú ìròyìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó béèrè bí a ṣe ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ṣé owó tí a ná tí ó tán ni, bí owó epo ọkọ̀? Ṣé dúkìá ni, bí ilé? Bí ilé-iṣẹ́ tí a rà bá jèrè, ta ni ó ni èrè náà? Bí ó bá sì jẹ gbèsè ńkọ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ti àwọn oníṣirò nìkan yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ìdí tí ó fi kàn wá

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbà kàn wá. Èkínní, àwa ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ òbí kan. Ní ọdún 1976 ni a dá Odu'a Investment Company sílẹ̀ láti jogún àwọn òwò Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì jọ ni ín. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ọmọ lábẹ́ rẹ̀, irú bí Wemabod tí ń bójú tó ilé àti ilẹ̀. Owó tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fi ra òwò tuntun, owó gbogbo wa ni.

Èkejì, àwọn òfin ọdún 1972 àti 1977 tí ó gbé òwò lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ìpín ìdókòwò nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì. Ìwé ìpín àwọn òbí wa ṣì wà nínú àpótí ní agboolé púpọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ra ilé-iṣẹ́ tí ó fún wọn ní ìwé náà, ó yẹ kí àwọn ajogún mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìpín wọn.

Ẹ̀kẹta, láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 ti dé, a ń fi apá kan owó àwọn òṣìṣẹ́ ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà ní ọjà ìdókòwò. Olùkọ́ tí kò mọ ọ̀nà ọjà ìdókòwò lè ní owó níbẹ̀.

Bí a kò bá mọ ìwé ìṣirò òbí àti ọmọ kà, ẹni tí ó fi owó wa ra ohun tí kò tó iye tí ó san lè fi orúkọ ìdàgbàsókè bò ó mọ́lẹ̀, a kò sì ní mọ̀.

Ta ni òbí, ta ni ọmọ?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ra ìpín ni ó di òbí. Lẹ́yìn tí a ṣe òfin tí ó dá àjọ FRC sílẹ̀ ní ọdún 2011 láti máa bójú tó ìròyìn ìṣúnná owó àwọn ilé-iṣẹ́, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin ìṣirò àgbáyé tí a ń pè ní IFRS. Ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní ọjà ìdókòwò bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn.

Òfin náà sọ pé ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ilé-iṣẹ́ di òbí. Ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí iṣẹ́ tí ń mú owó wọlé fún èkejì. Èrè tàbí àdánù èkejì gbọ́dọ̀ máa kàn án. Ó sì gbọ́dọ̀ lè fi àṣẹ yẹn yí èrè náà padà. Ẹni tí ó ní ju ìdajì ìpín lọ sábà máa ń ní àṣẹ, bí ó ti rí pẹ̀lú ìdá 60 ti IBEDC. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ìdá 45 lè jẹ́ òbí bí ìyókù bá fọ́n ká sí ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kì í wá sí ìpàdé. Ẹni tí ó ní ìdá 60 pàápàá lè má jẹ́ òbí bí àdéhùn bá ti fi àṣẹ fún ẹlòmíràn. Àṣẹ ni òfin ń wò, kì í ṣe iye ìpín lásán.

Ọjọ́ tí àṣẹ kọjá ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí àṣẹ bá kọjá ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, tí ọdún ìṣirò sì parí ní ìparí oṣù Kejìlá, èrè tàbí àdánù oṣù 2 péré ni ó wọ inú ìwé òbí ní ọdún náà. Ti oṣù 10 tí ó ṣáájú kì í ṣe tirẹ̀. Òbí tí ó bá ka èrè ọdún kan gbáko mọ́ tirẹ̀ ti ka ohun tí kò gbìn.

Kí ni a rà gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìsọ̀ kan ní Ọ̀rányàn ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbà kan fẹ́ fi òwò sílẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dúnàádúrà, wọn yóò ka ọjà tí ó wà nílẹ̀. Wọn yóò ṣírò àwìn tí ó wà níta. Wọn yóò béèrè gbèsè tí ìyá jẹ àwọn tí ń gbé ọjà fún un. Bí ọjà àti àwìn bá jẹ́ 500,000 náírà, tí gbèsè sì jẹ́ 100,000, ohun tí ó kù jẹ́ 400,000. Ṣùgbọ́n ìyá lè sọ pé 550,000 ni òun yóò gbà, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì lè san án tayọ̀tayọ̀. Kí ni 150,000 tí ó lé yẹn? Oníbàárà ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ ìsọ̀ náà. Ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ ní ọ̀la yóò tà.

Ohun kan náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe, àfi pé òfin ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan, tí a ó pè ní Òbí, fẹ́ ra ìdá 60 nínú ilé-iṣẹ́ kan tí ń di epo pupa sínú ìgò, tí a ó pè ní Ọmọ. Àpẹẹrẹ lásán ni. A kò tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ gidi kankan. Mílíọ̀nù 90 náírà ni Òbí san. Ohun tí ìwé Ọmọ fi hàn nìyí:

Ilẹ̀ àti ilé: mílíọ̀nù 40.
Ẹ̀rọ: mílíọ̀nù 35.
Ọjà tí a kò tíì tà: mílíọ̀nù 20.
Owó ọwọ́ àti àwìn: mílíọ̀nù 15.
Àpapọ̀ dúkìá: mílíọ̀nù 110.
Gbèsè: mílíọ̀nù 30.
Ohun tí ó kù lẹ́yìn gbèsè: mílíọ̀nù 80.

Òfin kò gbà kí Òbí gba ìwé yìí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ díwọ̀n ohun gbogbo ní iye tí ó jẹ́ lọ́jà ní ọjọ́ tí àṣẹ kọjá. Ilẹ̀ tí Ọmọ ti rà láti ọjọ́ pípẹ́ ti di mílíọ̀nù 60, ó fi 20 lé sí i. Orúkọ tí ó wà lára ìgò epo, tí Ọmọ fúnra rẹ̀ gbé dìde tí kò sì sí nínú ìwé rẹ̀, tó mílíọ̀nù 10 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Ẹjọ́ kan sì wà ní kóòtù tí Ọmọ kò kọ sínú gbèsè. A díwọ̀n rẹ̀ sí mílíọ̀nù 5. Bí a bá fi 20 àti 10 kún 80, tí a sì yọ 5, ohun tí ó kù jẹ́ mílíọ̀nù 105. A fi ọ̀rọ̀ owó orí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àpẹẹrẹ yìí kí ìṣirò má baà díjú.

Bí ìdíwọ̀n kan kò bá tíì parí nígbà tí a ń kọ ìwé ọdún náà, òfin fún Òbí láyè láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àyè náà kò gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ láti ọjọ́ tí àṣẹ kọjá. Owó tí Òbí san fún agbẹjọ́rò, oníṣirò àti àwọn tí ó díwọ̀n ilẹ̀ kò sí lára iye tí ó fi ra Ọmọ. Owó tí a ná ni, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú èrè ọdún náà.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni a fi ń ra ilé-iṣẹ́. Nígbà tí Báǹkì Access gba Báǹkì Diamond mọ́ra ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ẹni tí ó ní ìpín Diamond gba náírà 1 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì gba ìpín tuntun 2 ní Access fún ìpín 7 tí ó ní. Ẹni tí ó ní ìpín 700 gba náírà 700 àti ìpín 200. Nínú irú rírà bẹ́ẹ̀, iye tí ìpín tuntun jẹ́ lọ́jà ní ọjọ́ tí àṣẹ kọjá ni a ń fi kún owó kí a tó mọ iye tí olùrà san ní tòótọ́. Ti Diamond tún yàtọ̀ sí ti IBEDC ní ọ̀nà mìíràn: Diamond wọ inú Access pátápátá, orúkọ rẹ̀ sì kúrò lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn rírà ti ọdún 2013, IBEDC ṣì jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó dá dúró lábẹ́ òfin, ó kàn ní òbí ni.

Ìpín àwọn yòókù

Òbí ra ìdá 60. Ìdá 40 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín mìíràn, òfin kò sì gbà kí a gbàgbé wọn. Ìdá 40 nínú mílíọ̀nù 105 jẹ́ mílíọ̀nù 42. A ó kọ iye yìí sínú ìwé Òbí ní àyè ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àwọn onípìn-ín yòókù. Òfin tún gbà kí Òbí lo ọ̀nà kejì, kí ó díwọ̀n ìdá 40 náà ní iye tí àwọn ènìyàn yóò rà á lọ́jà. Ọ̀nà méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó lò.

Ẹ padà wo IBEDC. Bí mílíọ̀nù 169 dọ́là bá jẹ́ owó ìdá 60, ẹni tí ó bá fi ojú bẹ́ẹ̀ wo ìdá 40 tí Ìjọba Àpapọ̀ dì mú yóò sọ pé ó ju mílíọ̀nù 112 dọ́là lọ díẹ̀. Ìṣirò yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó ga jù. Ẹni tí ó ra ìdá 60 ra àṣẹ mọ́ ọn, owó àṣẹ sì wà nínú ohun tí ó san. Ìdá 40 kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ní ìwé ìpín díẹ̀ nínú àpótí kò fi gbọdọ̀ rò pé iye tí òbí san lórí ìpín kan ni òun náà yóò rí gbà bí ó bá fẹ́ tà.

Iye orúkọ rere

Ní báyìí a lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Òbí san 90. Ìpín àwọn yòókù jẹ́ 42. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 132. Ohun tí a lè tọ́ka sí, tí a sì díwọ̀n, jẹ́ 105. Mílíọ̀nù 27 ni ó lé. Òun ni àwọn oníṣirò ń pè ní goodwill, èyí tí àwa ó pè ní iye orúkọ rere. Ó dúró fún oníbàárà, fún ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti mọ iṣẹ́, àti fún àǹfààní tí Òbí retí pé òun yóò rí bí òwò méjèèjì bá di ọ̀kan. Dúkìá ni a kọ ọ́ sí nínú ìwé àpapọ̀.

Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ pé olùrà ra ilé-iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀. Ká ní mílíọ̀nù 55 péré ni Òbí san, 55 àti 42 jẹ́ 97, èyí tí ó fi mílíọ̀nù 8 dín sí 105. Òfin sọ pé kí Òbí kọ́kọ́ padà yẹ ìdíwọ̀n gbogbo wò, nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ta ohun ìní rẹ̀ fún iye tí kò tó o láìnídìí. Bí ó bá tún un wò tí kò yí padà, mílíọ̀nù 8 náà di èrè fún Òbí. Bí ẹ bá rí irú èrè yìí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kan, ẹ wá ìdí tí ẹni tí ó tà á fi tà á bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìṣirò àpapọ̀

Lẹ́yìn rírà, ìwé méjì ni Òbí ń kọ. Nínú ìwé tirẹ̀ nìkan, ó lè kọ owó tí ó fi ra Ọmọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú ìwé àpapọ̀, ó ń ka ara rẹ̀ àti Ọmọ bí ẹni pé òwò kan ni wọ́n. Gbogbo dúkìá Ọmọ wọlé, gbogbo gbèsè rẹ̀ náà sì wọlé, kì í ṣe ìdá 60 wọn. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ bá jèrè mílíọ̀nù 20, ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé mílíọ̀nù 12 ni ti Òbí, mílíọ̀nù 8 sì ni ti àwọn yòókù. Nípa gbèsè, wíwọ inú ìwé àpapọ̀ kò sọ pé Òbí ni yóò san án. Ọmọ ni ó jẹ ẹ́, àfi bí Òbí bá ti ṣe onídùúró fún un.

Ohun tí Òbí àti Ọmọ bá ṣe láàárín ara wọn kò gbọdọ̀ hàn bí òwò. Bí Òbí bá ra epo ní mílíọ̀nù 7, tí ó tà á fún Ọmọ ní mílíọ̀nù 10, tí epo náà sì ṣì wà nínú ilé ìpamọ́ ní ìparí ọdún, mílíọ̀nù 3 tí ó jọ èrè yẹn kì í ṣe èrè. Kò sí ará ìta tí ó tíì ra ohunkóhun. Bákan náà ni owó èrè tí Ọmọ bá pín fún Òbí: ó ti wà nínú èrè Ọmọ tẹ́lẹ̀, a kò gbọdọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ẹ̀tàn ti rọrùn jù lọ nìyí, nítorí pé òbí àti ọmọ lè máa ta ọjà kan náà fún ara wọn títí owó ọjà yóò fi pọ̀ lójú ìwé, nígbà tí kọ́bọ̀ kan kò wọlé láti ìta.

Bí orúkọ rere bá bàjẹ́

Ilé ń gbó, ẹ̀rọ ń gbó, a sì máa ń yọ apá kan iye wọn lọ́dọọdún. Lábẹ́ IFRS, a kì í yọ iye orúkọ rere díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dípò rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Òbí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: owó tí mo retí láti inú òwò yìí, ṣé ó ṣì tó iye tí mo kọ sílẹ̀? Bí kò bá tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ dín iye náà kù, kí ó sì kọ àdánù. Iye orúkọ rere tí a bá ti dín kù báyìí kò lè padà mọ́, bí òwò tilẹ̀ sunwọ̀n lẹ́yìn náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ń lo òfin ìṣirò tiwọn ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ ní tiwọn.

Àyè yìí ni ìwé ti ń jẹ́wọ́. Alákòóso tí ó ra òwò ní ọ̀wọ́n kì í fẹ́ kọ àdánù yìí, nítorí pé ó ń fi hàn pé owó tí ó lé kò rí ohun tí a retí mú wá. Iye orúkọ rere tí kò yẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí èrè Ọmọ ń lọ sílẹ̀, yẹ kí ó kọ wá lóminú.

Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè

Nígbà tí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ òbí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí. Ọjọ́ wo ni àṣẹ kọjá, èrè oṣù mélòó ni a sì kà? Èló ni a san, ta ni ó sì díwọ̀n dúkìá tí a rà? Èló ni iye orúkọ rere, kí ni a sì sọ pé ó dúró fún? Èló ni ti àwọn onípìn-ín yòókù? Ṣé a ti yẹ iye orúkọ rere wò ní ọdún yìí, kí ni àbájáde rẹ̀? Àlàyé tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò ni ẹ ó ti rí ìdáhùn wọn, òfin sì fi dandan lé e pé kí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wé-owó-wò náà, bóyá ó fọwọ́ sí i láìní àríwísí.

Ẹni tí ó bá ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìṣirò náà gbà kí ìpàdé ọdọọdún tó wáyé, kí ó sì béèrè ìbéèrè níbẹ̀. Àwọn ajogún tí ìwé ìpín òbí wọn wà nílé yẹ kí wọ́n kàn sí olùforúkọsílẹ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n sọ ìpín náà di orúkọ tiwọn lábẹ́ òfin, kí ẹ̀tọ́ yìí lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ti ilé-iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ bá ní ìpín nínú rẹ̀, àwọn aṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè béèrè fún wa, bí àwa náà bá sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀ fún wọn.